Adélabú, Máa Kówó Wa Ná

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni orin kan ti ń jà rànyìn lọ́kàn mi. Orin òṣèlú ni, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn ará Ìbàdàn ló ń kọ ọ́ tẹ̀lé Adégòkè Adélabú, ọ̀gá òṣèlú Ìbàdàn láwọn ọdún 1950, kiri ìgboro nígbà tí ariwo pọ̀ pé ó ń kówó ìlú jẹ:

"Adélabú, máa kówó wa ná,
Igunnu ló ni Tápà,
Tápà ló nigunnu."

Mo ti mọ orin náà tipẹ́. Ta ni ọmọ Ìbàdàn tí kò gbọ́ ọ rí? Àmọ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fetí sí ohun tó ń sọ. Kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ Adélabú. Kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀sùn náà gan-an ni wọ́n gbé, wọ́n lu ìlù sí i, wọ́n ń jó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ń jó yìí kì í ṣe olówó. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, alápatà, aláró, ìyá ẹlẹ́kọ, àwọn tí akódà ń wọlé wá bá nítorí owó orí. Owó tiwọn ni wọ́n ní kó máa ná. "Owó wa" ni wọ́n pè é.

Èsì tó máa ń yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé àìmọ̀kan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ mícrà. N kò gbà. Ọdún mélòó kan ṣáájú orin yìí, ìlú yìí kan náà ló dìde sí Salami Agbájé, Ọ̀tún Balógun, olówó tí oyè Olúbàdàn ti ń sún mọ́. Wọ́n ní kí ìjọba yọ ọ́ lóyè, ọ̀rọ̀ náà sì le débi tí òyìnbó fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé e lórí lọ́dún 1951. Nínú ohun tí wọ́n kà sí Agbájé lọ́rùn ni pé ọrọ̀ rẹ̀ kò kan ará ìlú lára. Owó ara rẹ̀ ni o, owó tó fi òógùn ara rẹ̀ wá. Ìlú tó lè bá èèyàn wí nítorí owó ara rẹ̀, tó tún wá sọ fún ẹlòmíràn pé kó máa ná tiwọn, ìlú náà mọ ohun tó ń sọ.

## Ìtàn tí n kò ní tún pa

Gbogbo wa la mọ ti iléèwé Kúdẹtì tí Adélabú lọ, ti Government College, ti iléèwé gíga Yaba tó fi sílẹ̀, ti UAC, ti Gẹ̀ẹ́sì tó ń ya èèyàn lẹ́nu, ti pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì ("peculiar mess" tó sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì) tí a sọ di orúkọ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyẹn kó lọ bá bàbá rẹ̀ jókòó. Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ mú níbẹ̀, torí orin náà kò lè yé wa láìsí wọn.

Ọ̀kan ni ti ìdìbò ọdún 1951. Àwọn mẹ́fà ló wọlé láti Ìbàdàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìwọ̀ oòrùn lábẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Ibadan People's Party. Márùn-ún nínú wọn bá Ọlọ́pẹ lọ, ìyẹn ẹgbẹ́ Action Group ti Awólọ́wọ̀. Adélabú nìkan ló dúró ti Alákùkọ, ìyẹn ẹgbẹ́ NCNC. Ẹ lè sọ pé agídí ni, ẹ lè sọ pé ọgbọ́n òṣèlú ni. Lójú ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn, ẹnì kan ṣoṣo tí kò tà wọ́n nìyẹn, àánú tí wọ́n sì ṣe fún un nítorí èyí kò tán títí ó fi kú.

Ìkejì ni owó orí. Ẹgbẹ́ àwọn asanwó-orí Ìbàdàn wà lára ibi tí Adélabú ti gbéra. Ìjọba Ọlọ́pẹ bu owó kún owó orí nítorí ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera tí wọ́n fẹ́ ṣe, inú sì bí àwọn àgbẹ̀. Inú ti ń bí wọn tẹ́lẹ̀ nítorí igi kòkó wọn tí ìjọba ń gé lulẹ̀, tí wọ́n ní àrùn wà lára rẹ̀. (Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ bu owó náà ló mú kí bàbá mi mọ̀wé o, nítorí náà kì í ṣe ẹnu tèmi lẹ ó ti gbọ́ pé owó yẹn ṣòfò.) Adélabú kó àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ Máyégùn, àwọn mógàjí agbo ilé àti àwọn asanwó-orí pọ̀, ó sọ wọ́n di ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́, tó ń bá Alákùkọ ṣe.

Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ owó orí wọ ìlú, tó ń bi àwọn aláṣẹ pé kí ni wọ́n ń fi owó àwọn tálákà ṣe, òun náà ni wọ́n wá ń sọ fún nígbẹ̀yìn pé kó máa ná an lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ dúró lé lórí.

## Akọ̀wé ìlú láti Abingdon

Nígbà tí wọ́n dìbò kánsù Ìbàdàn lọ́dún 1954, Mábọlájẹ́ ló borí Ọlọ́pẹ. Adélabú di alága. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wọlé sílé aṣòfin àpapọ̀ l'Ékòó; nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1955, ó ti di mínísítà ìjọba àpapọ̀. Mínísítà l'Ékòó, alága ní Mápó tí kánsù wà, ọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé Ìbàdàn ni olú ìlú ìjọba Ọlọ́pẹ. Agodi ni ilé aṣòfin wọn wà. Ìlú tí wọ́n ń jókòó sínú rẹ̀ ṣèjọba ìwọ̀ oòrùn ni kò dìbò fún wọn, tó tún gbé kánsù rẹ̀ lé ẹni tó ń bú wọn lójoojúmọ́ lọ́wọ́. Ìjọba wo ló máa rí irú èyí tí oorun máa kùn ún?

Lọ́dún 1955, ìjọba ẹkùn ní kí wọ́n wádìí kánsù náà. Wọ́n gbé iṣẹ́ yìí lé E. W. J. Nicholson lọ́wọ́, akọ̀wé ìlú Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jókòó, ó gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn, ó kọ ohun tó rí. Ohun tó rí kò dáa fún kánsù, kò sì dáa fún alága. Ní oṣù kìíní ọdún 1956, Adélabú fipò alága sílẹ̀, ó sì fi ti mínísítà náà sílẹ̀. Ìjọba tú kánsù ká, wọ́n sì kó àwọn tí wọ́n yàn fúnra wọn síbẹ̀.

Àwọn tó ń bá a ṣọ̀tá rò pé ó tán nìyẹn. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni ìdìbò sílé aṣòfin ẹkùn. Ìbàdàn tún gbé Adélabú wọlé, òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn rẹ̀. Ọlọ́pẹ ní àga 48, Alákùkọ ní 32. Ká ní ó yí padà ni, ẹni tí ìwé Nicholson lé kúrò ní Mápó ni ì bá di prẹ́míà. Ó wá di olórí alátakò, ó sì jókòó sí Agodi, ó ń wò wọ́n lójú.

Láti oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún. N kò rí ibòmíràn nínú ìtàn ayé rẹ̀ tó tó èyí. Ohun tí ìwádìí náà sọ pé ó ṣe wà ní gbangba, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun kò gbọ́. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì dìbò.

Mo máa ń gbìyànjú láti fi ojú mógàjí kan wo ọ̀rọ̀ yìí, bàbá kan tó ń ṣàkóso agbo ilé tó kún fún ọmọ àti ìyàwó ilé, tí kò lè ka ìwé Nicholson. Kí ni bàbá yìí rí? Ó rí i pé àwọn dìbò, àwọn sì wọlé. Ó rí i pé àwọn tó fìdí rẹmi lọ pe òyìnbó kan wá láti ìlú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Òyìnbó ní alága ti jẹun. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó fìdí rẹmi ni wọ́n yan ẹni tó jókòó sórí àga, láìsí pé ẹnikẹ́ni dìbò. Iye owó tó sọnù kò hàn sí bàbá náà. Ẹni tó wá jókòó ló hàn sí i kedere.

N kò ní torí èyí sọ pé Nicholson parọ́. Èrò tèmi ni pé owó ṣe kọ́lọkọ̀lọ lóòótọ́ ní Mápó. Ẹni tó ń rojọ́ rẹ lè jẹ́ ọ̀tá rẹ, kí ẹjọ́ tó rò sì jẹ́ òótọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ọ̀tá tí kì í kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ọ̀tá ń wá.

## Ta ló láṣẹ láti béèrè?

Ìlà kejì orin náà ni àwọn èèyàn kì í kà sí, wọ́n á ní ó kàn fi dùn ni. Èmi rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kò sí àdúgbò tí wọn kò ti rí Igunnu rí, eégún gogoro tó máa ń ga bí igi ọ̀pẹ tó tún máa ń rẹlẹ̀ wọ inú ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè dúró wò ó, ẹnikẹ́ni lè sanwó. Àmọ́ ẹni tí kì í ṣe Tápà, tó wá ń béèrè pé ta ló ran aṣọ rẹ̀, èló ni wọ́n rà á, ta ló wà nínú rẹ̀? Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún un.

Ohun tí orin ń sọ nìyẹn. Adélabú ni a ni, àwa ni Adélabú ní. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì jáde nílé. Bí ó bá ná an fún aláìsàn, bí ó bá fi gba ẹni tí ọlọ́pàá mú sílẹ̀, bí ó bá fi se ìnáwó, bí ó bá tiẹ̀ fi ra aṣọ oge tí yóò wọ̀ lọ bá àwọn ará Èkó jókòó, ara wa ló ná an sí. Orúkọ tí Adélabú ní nígboro ni pé owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Agbájé ní owó tó dúró, wọ́n fẹ́ yọ ọ́ lóyè. Àjọjẹ kò dùn bẹ́nìkan ò ní, òwe àwọn àgbà ni, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn ìgbà yẹn, ó tún lójú kejì: ẹni tó ní tí kò jẹ́ kó di àjọjẹ ni olè tí wọ́n mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìwé Nicholson kò fi wọ̀ wọ́n létí. Ó ń wá ìwé rìsíìtì. Àwọn ń wo ojúlé ọkùnrin náà bóyá èrò ṣì ń wọlé síbẹ̀.

Mo lè dúró níbí kí n yìn wọ́n, kí n ní ọgbọ́n ilẹ̀ wa nìyẹn. Mo ti rí àwọn tó ń kọ irú rẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà náà ló ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ìdajì òwe yẹn ni Ìbàdàn ọdún 1956 ṣe. Wọ́n lé akátá. Gbogbo ará ilé jáde, wọ́n mú igi, wọ́n mú òkò, wọ́n lé e dé Agodi. Ẹ sọ fún mi, ìgbà wo ni wọ́n fàbọ̀ bá adìẹ?

Àwọn mógàjí ì bá jókòó ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, kí wọ́n ní: Adégòkè, a ti bá ọ lé wọn, wá sọ bí o ṣe ná an. Àwọn asanwó-orí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ owó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni ì bá béèrè. Ẹnu wọn ló tọ́ sí. Kò sí ẹni tó lè pe mógàjí ní aṣojú Ọlọ́pẹ. Àmọ́ nǹkan kan ni mo ti rí nípa akátá, pé kì í tán nígbó. Bí èyí bá lọ, òmíràn á yọjú, adìẹ á sì máa rìn lọ nínú ọgbà.

## Ará ibòmíràn náà mọ orin yìí

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ Ìbàdàn nìkan ni. Lọ́dún 1956 kan náà, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Foster-Sutton kalẹ̀ lórí Àsíkíwè, prẹ́míà ìlà oòrùn, nítorí owó ìjọba tó wọ báǹkì African Continental, báǹkì tí òun fúnra rẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ìwé jáde ní oṣù kìíní ọdún 1957, kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Kí ni Àsíkíwè ṣe? Ó tú ilé aṣòfin ká, ó ní kí ará ìlú dìbò. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, wọ́n ti dá a padà sórí àga. Àwọn náà ní orin tiwọn, èdè rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ó wá di ọdún 1962. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker kalẹ̀ láti wádìí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ìwọ̀ oòrùn, wọ́n sì tú u jáde bí owó ìlú ṣe gba inú National Investment and Properties Company kọjá lọ sí àpò ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ẹgbẹ́ tó rán Nicholson lọ sí Mápó ló wá ń rojọ́ níwájú Coker. Ojú tí bàbá mógàjí yẹn fi wo Nicholson gẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ fi wo Coker. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá ló rán an. Òótọ́ ni wọ́n sọ, wọ́n fẹ́ fi pa ẹgbẹ́ náà ni. Síbẹ̀ owó náà gba ibi tó gbà. Títí di òní, bí o bá dárúkọ Coker láàárín àwọn àgbà kan nílẹ̀ Yorùbá, bí o kò bá ṣọ́ra, omi tí wọ́n gbé fún ọ ni wọ́n á gbà padà.

Láàárín ọdún méje, ìgbìmọ̀ mẹ́ta wádìí àwọn ọ̀gá òṣèlú tó lókìkí jù lọ ní gúúsù, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ọmọlẹ́yìn tirẹ̀ bá wí. Àwọn olóṣèlú tó tẹ̀lé wọn kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Ohun tó yẹ kó o ní kì í ṣe ọwọ́ mímọ́. Ọ̀tá ni. Bí o bá ti ní ọ̀tá tó lágbára tó, àwọn èèyàn rẹ kò ní ráyè bi ọ́ ní ìbéèrè.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 2006, tí Lámídì Adédibú, bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú Ìbàdàn, àti Gómìnà Ládọjà (Kábíyèsí wa lónìí) ń fà á, Adédibú kò tiẹ̀ fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni pé owó ètò ààbò tí gómìnà kò fún òun nínú rẹ̀ wà lára ìjà. Ó sọ ọ́ ní gbangba. Wọ́n ń jẹ àmàlà nílé Adédibú ní Mọ́lẹ̀tẹ̀, àmọ́ n kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kọrin "owó wa". Ti Adélabú ṣì sàn, ìlú mọ̀ pé tàwọn ni.

## Oṣù kẹta, 1958

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958, Adélabú kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, nílẹ̀ Rẹ́mọ. Ọmọ ọdún 42 ni. Rẹ́mọ ni ilẹ̀ Awólọ́wọ̀, ìyẹn nìkan sì ti tó ẹ̀rí fún àwọn tó ń wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nígboro Ìbàdàn àti lábúlé. Wọ́n pa àwọn tí wọ́n rò pé Ọlọ́pẹ ni wọ́n, wọ́n sun ilé wọn. Ó pẹ́ kí ilé ẹjọ́ tó dá ẹjọ́ gbogbo wọn tán, àwọn kan sì lọ síbi tí a kì í bọ̀.

Akátá lójú wọn nìyẹn náà. Wọ́n lé e títí wọ́n fi pa aládùúgbò. Mábọlájẹ́ wá pín sí méjì lórí ẹni tí yóò jogún rẹ̀. Orúkọ Adélabú kò pa rẹ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ du ipò gómìnà Ọ̀yọ́ lọ́dún 2019 àti 2023, ọ̀pọ̀ ló sì lọ fetí sí i nítorí ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́. Ìwé ìnáwó Mápó nìkan ni kò rí ajogún.

## Géètì àdúgbò wa

Ọ̀kan nínú ohun tó jẹ́ kí orin yìí máa yọ mí lẹ́nu ni ìpàdé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. A ti dáwó fún géètì méjì àti owó oṣù àwọn ọdẹ, nítorí àwọn olè. Géètì kan dúró, èkejì ò dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin ayálégbé kan dìde, ó ní kí alága ṣàlàyé. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí àwọn bàbá fi bò ó mọ́lẹ̀. "Ayálégbé ni ẹ́, kí ló kàn ẹ́? Ṣé olè lo fẹ́ kó wọlé ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Mo sọ ọ́ sínú pé, ẹ wò ó, Nicholson nìyẹn.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè ló wá dìde. Òun ló kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ tí wọ́n fi dìbò fún alága, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀. Ó ní, "Alága, èmi ni mo gbé yín débẹ̀, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni bú yín. Ẹ gbé ìwé yẹn wá." Alága ní ìwé wà nílé. Ìyá ní àwọn á dúró dè é. Ọmọ kan sáré lọ gbé e, ìyá wọ awò ojú, ó ń kà á sókè láti ìlà dé ìlà: símẹ́ńtì, irin, owó ọkọ̀, wẹ́dà. Nígbà tó kan àgádágodo, ó yọ awò ojú. Ó ní òun ra irú rẹ̀ ní Ògùnpa, kò tó ìdajì iye yẹn. Wọ́n jà lórí àgádágodo náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Alága ní òun á dá ìyókù padà, ó sì dá a padà ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ó ń ráhùn bó ṣe ń kà á. Nígbà tí ìdìbò tún dé, ìyá náà tún kó àwọn obìnrin jọ, alága yẹn náà ni wọ́n tún dìbò yàn.